Lẹ́tà ṣíṣí sí Mẹ́ẹ̀rì Àjàṣẹ́: ẹ má jẹ́ kí ààrò jìnnà sí ọkọ̀ ẹlẹ́ja

Sí Mẹ́ẹ̀rì ìlú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), sí Akọ̀wé Aláṣẹ ìlú, àti sí gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ kú ìtọ́jú wa. Láti ìgbà tí òfin ọdún 2021 ti tún iṣẹ́ ilé Mẹ́ẹ̀rì pín, Mẹ́ẹ̀rì ló ń darí ìgbìmọ̀, Akọ̀wé Aláṣẹ ló sì ń mú ìpinnu wá sójú iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ orúkọ oyè ẹ̀yin méjèèjì sókè lẹ́tà yìí, kí ọ̀rọ̀ má baà já sí àárín.

Ọ̀rọ̀ bèbè ọ̀sà tí ẹ fẹ́ tún ṣe ni mo bá wá, ọ̀rọ̀ àwọn ìyá tó ń yan ẹja níbẹ̀, àti ti àwa tí à ń lọ jẹ ẹ́ nírọ̀lẹ́.

Bí ẹ bá dúró sí ẹsẹ̀ afárá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ẹ ó rí bí mọ́tò àti zẹ́mì, ìyẹn ọ̀kadà, ṣe ń tú jáde ní Àjàṣẹ́. Àwọn kan ń lọ sí Sèmè, àwọn kan ń lọ sí Kútọnu. Wọ́n fẹ́ jókòó létí òkun kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn lára, kí wọ́n jẹ ẹja yíyan, kí wọ́n fi bíà tútù tì í. N kò bá wọn jà, èmi náà fẹ́ràn etí òkun. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀sà wa ń bẹ níbí, ẹja ń bẹ nínú rẹ̀, àwọn tó mọ ẹja sè ń bẹ ní bèbè rẹ̀, síbẹ̀ à ń ná owó epo ká tó lọ jẹun níbòmíràn. Kì í ṣe ẹja ló lé àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn lọ. Omi ìdọ̀tí tó ń ṣàn gba abẹ́ tábìlì ló lé wọn, àti àìsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí obìnrin lè wọ̀ láìbojú wẹ̀yìn, àti òkùnkùn tó máa ń bo ọ̀nà bí oòrùn bá ti wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí oúnjẹ náà ṣe ń di ṣíṣe, torí mo rò pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ya àwòrán bèbè tuntun kò tíì jókòó tì í rí.

Ìyá kan ń bẹ lápá Djassin tí mo máa ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Bùfẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn ilé oúnjẹ kékeré rẹ̀, kò ju páànù díẹ̀ lórí òpó, bẹ́ǹṣì onípákó, àti àgbá irin tí wọ́n là sí méjì tó fi ṣe ààrò. Bí ẹ bá dé, kò ní í kó ìwé oúnjẹ fún yín. Á ṣí ọpọ́n, á ní kí ẹ wò ó. Ẹpìyà ló sábà máa ń wà níbẹ̀, nígbà mìíràn ọ̀bọ̀kún, nígbà mìíràn akàn tí wọ́n fi okùn di lẹ́sẹ̀ tó ṣì ń yọ ìfófòó lẹ́nu. Ẹ ó nawọ́ sí èyí tó wù yín, á sọ iye rẹ̀, ẹ ó ná an, ọ̀rọ̀ á wọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó máa ha ìpẹ́. Á la ikùn ẹja náà, á fi ọ̀bẹ kọ ọ́ lára níhà méjèèjì títí yóò fi kan egungun, á wá fi ata, àlùbọ́sà, ata ilẹ̀ àti aáyù lílọ̀ pa á, á sì máa ki èròjà náà bọ ojú ọ̀bẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í gbé ẹja ka iná tí ń jó. Á dúró kí èédú pọ́n, kí eérú funfun bò ó, á fi òróró ra wáyà kí awọ ẹja má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá ti yí i lẹ́ẹ̀kan, kò ní í yí i mọ́ títí yóò fi jinná. Ọmọ rẹ̀ á ti máa rẹ́ tòmátì, àlùbọ́sà àti ata tútù sínú abọ́, á wọ́n iyọ̀ sí i, á da òróró lé e, mọ́yò ti dé nìyẹn. Ẹ̀kọ tútù nínú ewé rẹ̀ ló máa bá a wá. Bí ẹ bá sì ti sọ fún un tẹ́lẹ̀, ó lè fi omi ọbẹ̀ ẹja ro gàrí kó pupa dẹ̀dẹ̀, bí àwọn apẹja ṣe máa ń jẹ ẹ́ lójú omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹja náà ṣì wà nínú omi. Ọkọ̀ tó ti apá Aguégués bọ̀ ló gbé e wá, ìyá náà fúnra rẹ̀ ló lọ pàdé rẹ̀ ní èbúté, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn ín délé ìdáná rẹ̀. Ìrìn ẹsẹ̀ kékeré yẹn ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ bá wa dáàbò bò. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ páànù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ bẹ́ǹṣì, a ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó ààrò kúrò níbi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀, ẹ ti kó oúnjẹ náà kúrò nìyẹn, ohun yòówù tí ẹ bá kọ́ dípò rẹ̀.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹja kì í ṣe ẹran màlúù. Láti ìgbà tó bá ti kú ló ti ń bàjẹ́, ooru ilẹ̀ wa sì ń ràn án lọ́wọ́. Nínú yìnyín tó pọ̀ tó, ẹpìyà lè lo ọ̀sẹ̀ kan kí nǹkan kan má ṣe é. Nínú ọpọ́n tí oòrùn ń pa, wákàtí díẹ̀ ti tó. Àwọn ẹja òkun kan tún wà, irú bíi túnà àti mákẹ́rẹ̀lì, tó jẹ́ pé bí wọn kò bá tètè rí yìnyín, májèlé kan tí wọ́n ń pè ní histamine á kó sínú ẹran ara wọn. Iná kì í pa á, yíyan kì í pa á, dídín kì í pa á. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á kàn rí i pé ojú òun pọ́n, orí ń fọ́ òun, ara ń yún òun. Ní ti akàn, ohun tí gbogbo ìyá wa mọ̀ ni pé èyí tó bá ti kú kí ó tó dé ẹnu ìkòkò, kí wọ́n gbé e sọnù.

Ẹni tó bá fojú rí ẹja kí wọ́n tó sè é lè dáàbò bo ara rẹ̀. Ojú ẹja tútù máa ń mọ́, á sì yọ síta. Ojú èyí tó ti pẹ́ á wọnú, á ṣú. Ẹ ṣí ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ wò, inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ lára, ibi tí ẹ tẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sípò. Gbogbo èyí ni oníbàárà ń rí ṣe nídìí ọpọ́n ìyá yẹn. Ní ilé oúnjẹ kan létí òkun, tábìlì onígíláàsì ni wọ́n fi mí sí. Wọ́n gbé ẹja tí n kò rí tẹ́lẹ̀ wá pẹ̀lú owó tí ẹnikẹ́ni kò bá mi sọ, ẹran rẹ̀ sì ń fọ́ bí ìyẹ̀fun nítorí pé ó ti pẹ́ nínú fíríìjì. Mo san owó wọn, n kò padà síbẹ̀ mọ́.

Ọ̀sà yìí ní ìgbà rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó ń ṣètò bèbè rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, odò Ouémé á kún, omi dídùn á ya wọlé, iyọ̀ á dínkù, omi á pọ́n, ewéko ojú omi á sì wá dí bèbè títí ọkọ̀ kò fi ní í ráyè kọjá dáadáa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi òkun ló máa gba ojú ihò tí wọ́n gbẹ́ ní Kútọnu ní 1885 wọ adágún Nokoué, á sì gba ọ̀nà omi Totchè dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbà tí iyọ̀ bá wọlé báyẹn ni edé àti akàn máa ń ṣe dáadáa. Ẹpìyà ọ̀sà, èyí tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú, kò bìkítà, omi oníyọ̀ àti omi dídùn ló ń gbé. Òun ló máa ń wà nínú ọpọ́n nígbà gbogbo, òun náà ló máa ń sanra nínú àkájà, níbi tó ti ń jẹ ohun tó hù sára ẹ̀ka igi tí wọ́n rì sínú omi. Mo mọ̀ pé ìjọba ń bá àwọn aláàkájà fa wàhálà, n kò sì fẹ́ ki ọ̀rọ̀ yẹn bọ inú èyí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé oúnjẹ bèbè kò lè dọ́gba láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Bí ẹ bá fi bèbè fún ilé oúnjẹ ńlá kan ṣoṣo tó ti tẹ ìwé oúnjẹ rẹ̀, tó sì ti ṣèlérí edé fún àlejò lójoojúmọ́, inú yìnyín tó ti òkèèrè wá ló máa ti mú un. Àlejò á jókòó sójú ọ̀sà Àjàṣẹ́, á máa jẹ ẹja ilẹ̀ mìíràn. Ìyá tó ń ṣí ọpọ́n kò ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí omi bá gbé wá lónìí ló ń tà.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ, pé irú bùfẹ́ẹ̀tì báwọ̀nyí ń tini lójú níwájú àlejò, pé kò mọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀ pé ọ̀pọ̀ kò mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa bí wọ́n ṣe lè mọ́. Ibi tí ẹ̀rọ omi wà jìnnà, kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi ń pọn ọ́n, omi kẹ́ẹ̀gì kan náà ni wọ́n á fi fọ ẹja, tí wọ́n á fi fọ abọ́, tí wọ́n á tún fi fọwọ́. Kò sí gọ́tà, nítorí náà ìpẹ́ àti ìfun ẹja ń padà sínú ọ̀sà. Yìnyín ti ẹ̀yìn odi ni wọ́n ń rà, bó bá fi máa dé, ìdajì rẹ̀ ti di omi. Ìyá tó ń fi eléyìí sè fún wa láti ọdún pípẹ́ wá tí àìsàn kò sì gbòde, iṣẹ́ ọpọlọ ló ń ṣe.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú lásán. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí edé wa. Àwọn olùyẹ̀wò Yúróòpù wá sí Benin ní 2002, wọ́n rí i pé ìmọ́tótó tó wà láti ojú omi dé ilé iṣẹ́ kò tó. Ní 2003, ìjọba wa fúnra rẹ̀ dá títà edé sí Yúróòpù dúró kí wọ́n má baà lé wa jáde. Ó lé ní ọdún kan kí ọjà náà tó tún ṣí. Àwọn tí ìyà rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ ni àwọn apẹja àti àwọn obìnrin tó ń ra edé lọ́wọ́ wọn létí omi, àwọn tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fún ní omi ẹ̀rọ tàbí yìnyín rí. Wọ́n ń san owó ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn láti tún ṣe.

Ọ̀sà náà fúnra rẹ̀ ní orúkọ lágbàáyé. Láti ọdún 2000 ni ọ̀sà Àjàṣẹ́, adágún Nokoué àti àfonífojì ìsàlẹ̀ odò Ouémé ti wà nínú ìwé àdéhùn Ramsar, níbi tí wọ́n ń kọ àwọn ilẹ̀ olómi tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé sí. Ohun tí a bá dà sí gọ́tà láàárín ìlú, ibẹ̀ ni òjò ń gbé e lọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ẹ bá kọ́ sí bèbè, tí ihò rẹ̀ kò sì jò sínú omi, ń dáàbò bo ẹni tó ń jẹun, ó sì ń dáàbò bo ohun tó ń jẹ. Gbogbo wa la mọ ohun tí àrùn onígbáméjì ń ṣe ní etí omi.

Iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Porto-Novo Ville Verte, ìyẹn Àjàṣẹ́ Ìlú Aláwọ̀ Ewé, èyí tí ilé ìfowópamọ́ ìdàgbàsókè ilẹ̀ Faransé náwó sí, ti dé ọ̀rọ̀ bèbè ọ̀sà. Inú mi dùn sí igi gbígbìn àti ọ̀nà ẹsẹ̀ lílà tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún rí etí òkun Kútọnu. Ọ̀pọ̀ bùfẹ́ẹ̀tì onípákó tí a mọ̀ lójú Route des Pêches ni kò sí mọ́. Ọ̀nà náà dára lónìí, ó ń dán. Ẹ bi àwọn tó ń yan ẹja níbẹ̀ nígbà yẹn ibi tí wọ́n wà báyìí. Wọ́n máa ń sọ pé ẹja tútù ló ṣeé ká, bó bá gbẹ, ṣíṣẹ́ ló ń ṣẹ́. Àwòrán bèbè wa ṣì tútù lórí ìwé. Bí kọnkéré bá ti gbẹ tán, ọ̀rọ̀ di ti ẹni tó rí àyè àti ẹni tí kò rí.

Ẹ fi apá kan bèbè náà, níbi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ gan-an, sílẹ̀ fún àwọn tó ń se ẹja, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé tiwọn ni, kí ẹni tó bá tún wá jẹ oyè lẹ́yìn yín má lè fi tọrẹ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fa omi ẹ̀rọ dé ibẹ̀, kí ó ju ẹnu ẹ̀rọ kan lọ, ọ̀tọ̀ ni ti fífọ ẹja, ọ̀tọ̀ ni ti fífọwọ́. Ẹ kọ́ tábìlì onísìmẹ́ńtì tó rọrùn láti fọ̀, tí omi rẹ̀ á gba gọ́tà lọ sínú ihò tí wọ́n lè kó. Ẹ gbé ẹ̀rọ yìnyín kan síbẹ̀, kékeré kan ti tó, kí wọ́n máa tà á fún apẹja kó lè gbé e lọ́wọ́ lọ sójú omi kí ó tó ju àwọ̀n, torí yìnyín tó bá dúró de ẹja ní èbúté nìkan ti pẹ́ jù. Ẹ tanná sí ọ̀nà. Èyí ni mo ka sí pàtàkì jù, omi àti yìnyín ṣáájú. Bí owó kò bá tó ìyókù lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí páànù wọn ṣì wà.

Lórí owó tí wọ́n máa san, mo rọ̀ yín pé kí ẹ má gbé e lé orí àyè bí ẹni ń ta ilẹ̀. Sísan owó tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́ ti mọ́ wọn lára. Ẹni tó bá ta ẹja méjì lọ́jọ́ òjò kò lè san iye tí ilé oúnjẹ onílé alájà ń san.

Ilé ẹ̀kọ́ oko Songhaï wà lábẹ́ imú wa ní Ouando láti 1985, wọ́n ń sin àrọ̀ àti ẹpìyà. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́bìnrin bèbè fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń tọ́jú ẹja nínú yìnyín àti bí a ṣe ń mọ ibi ìdáná ṣe. Lọ́jọ́ tí ọ̀sà kò bá sì mú nǹkan gidi wá, ẹja tí wọ́n sìn níbẹ̀ lè dí àlàfo, bí ìyá tó ń tà á bá ti sọ fún oníbàárà pé ẹja sísìn ni.

Ẹ̀yin ìyá wa náà, bí lẹ́tà yìí bá dé etí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ iye owó kí ẹja tó kan iná, fún ọmọ ìlú àti fún àlejò, iye kan náà. Àwọn ènìyàn wa láti Èkó àti Àgbádárìgì ń wá, wọ́n gbọ́ Yorùbá, wọ́n mọ ẹja. Bí a bá rẹ́ ẹnì kan jẹ lónìí, ó máa sọ ọ́ délé.

Ohun kan tó kù ni bí ẹ ó ṣe bá wọn jókòó. Bí ẹ bá fi ìwé pè wọ́n wá sí gbọ̀ngàn ilé Mẹ́ẹ̀rì lágogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò sí èyí tó máa wá nínú wọn, èédú ló máa ń pọ́n lákòókò yẹn. Ẹ wá bá wọn ní bèbè láàárọ̀, lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti já ẹrù tán tí ọwọ́ wọn sì dilẹ̀ díẹ̀. Ẹ mú ẹni tó ya àwòrán náà dání. Ẹ tẹ́ àwòrán náà sórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì fi Gùn àti Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, kí wọ́n fi ìka tọ́ ibi tí ọkọ̀ ń gbà wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn hàn yín, àti ibi tí omi máa ń dé lásìkò ìkún. Ẹ ṣe é kí oṣù kẹsàn-án tó dé, kí omi tó kún.

Mo ń retí èsì yín.

Ọmọ Àjàṣẹ́ kan tó ń jẹun létí ọ̀sà